Yanrìn Tí Màmá Mi Yàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì lè gbé garawa omi karí láìjẹ́ pé ẹnìkan bá mi gbé e, mo ti mọ yanrìn kí n tó mọ ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà yíyan ni iṣẹ́ màmá mi, yanrìn wíwà ni iṣẹ́ bàbá mi, etí ọ̀sà sì ni ilé wa wà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn bá jí láàárọ̀ tó na ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, yanrìn ló máa tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ẹ́sítéètì lónìí rò pé yanrìn ni yanrìn. Tó bá wọ inú bàtà yín, ẹ ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó parí. Ó dára. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín, kò sí ìtàn iwin nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti yan ẹ̀pà rí mọ̀ pé yanrìn ló máa ń kọ́kọ́ gba iná, yanrìn ló sì ń fi ooru náà fún ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yanrìn ló mọ iṣẹ́ yìí. Èyí tó kúnná jù máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀pà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa fi eyín lọ yanrìn. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi jù máa ń fi àyè sílẹ̀, ẹ̀pà á jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á wà ní tútù. Èyí tí màmá mi ń wá ni èyí tó wà láàárín, tí gbogbo hóró rẹ̀ dọ́gba, tó ṣe rẹ́gí bíi ṣúgà. Ó sì mọ ibi tó wà. Iwájú ilé wa gan-an ni, níbi tí omi ti máa ń wá lá ilẹ̀ tí á sì padà.

Tó bá bù ú tán, kò ní gbé e kaná bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà á da omi sí i nínú igbá, á máa yí igbá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti fi ojú mi mọ àwọn ará inú yanrìn. Àwọn funfun tó dà bí iyọ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn kan wà tó fẹ́lẹ́ tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, omi máa ń gbé wọn léfòó, wọ́n á sì bá omi kọjá létí igbá. Àfọ́kù ìkarahun wà níbẹ̀. Àwọn pupa kéékèèké náà wà, wọn ò pọ̀, a máa ń ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó máa ń kù sí ìdí igbá ni àwọn dúdú, torí wọ́n wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Màmá mi ò fẹ́ràn wọn. Ó ní wọ́n máa ń mu iná jù, tí wọ́n bá ti pọ̀ nínú agbada, ẹ̀pà á jó kí èèyàn tó yíjú. Á gbọ̀n wọ́n dà sẹ́yìn ilé.

Àwa ọmọdé ní tiwa, àwọn dúdú yẹn la fẹ́ràn. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa tó sì ń bá bàbá mi wa yanrìn, ló yọ òòfà kan jáde látinú rédíò tó ti bàjẹ́, ó so okùn mọ́ ọn, ó fún mi. Mo máa ń wọ́ ọ kiri lórí yanrìn, àwọn dúdú á sì so mọ́ ọn lára, wọ́n á yọ irùngbọ̀n fún un. Ẹ̀rín á pa mí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo dúdú ló ń jẹ́ ìpè òòfà. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní kì í ṣe gbogbo dúdú ni irin. Mo tún bi í pé níbo ni gbogbo wọn ti wá, ó ní láti inú àpáta ìlú òkè lọ́hùn-ún ni, pé àpáta náà ló ń rún díẹ̀díẹ̀, odò ló sì ń rù ú bọ̀ wá sínú ọ̀sà. Mo ní ọdún mélòó ló máa gbà á. Ó ní, "Kí bàbá bàbá mi tó dáyé ló ti gbéra." Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn. Kò fìgbà kan lé mi dànù pé ìbéèrè mi ti pọ̀ jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn àwọn òbí mi lọ. Mo lè sọ ọ́ báyìí, gbogbo wọn ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wa yanrìn nígbà náà. Ọkọ̀ igi ni wọ́n máa ń tù lọ sí àárín ọ̀sà. Wọ́n á mòòkùn tòun ti garawa, wọ́n á bu yanrìn ní ìsàlẹ̀, wọ́n á gòkè wá dà á sínú ọkọ̀. Garawa kan, èémí kan. Tí ọkọ̀ bá ti kún débi pé omi fẹ́ wọlé, wọ́n á ta ìgbòkun, wọ́n á forí lé ilé.

Òfin kan sì wà tí gbogbo wọn ń pa mọ́. A kì í wa yanrìn níbi tí ẹsẹ̀ bá ti lè tẹ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ẹni tó kúrú jù nínú ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ omi. Á dúró gbọnrangandan sí ìsàlẹ̀. Tí irun orí rẹ̀ bá yọ lókè omi, wọn ò ní wà á níbẹ̀, wọ́n á tu ọkọ̀ síwájú sí i. Àwọn àgbà ló fi òfin náà lélẹ̀. Wọ́n ní yanrìn etí omi ni ẹní tí ilẹ̀ sùn lé, ẹnìkan kì í fa ẹní yọ nídìí ẹni tó ń sùn. Nínú ọkọ̀ bàbá mi, àbúrò màmá mi yìí ló kúrú jù. Wọ́n sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n. Òun náà á ní Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn èèyàn gíga ò ní làákàyè, ló ṣe dá òun láti máa wọn omi fún wọn.

Nígbà tó yá, sìmẹ́ńtì gbòde. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilé alámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí ilé búlọ́ọ̀kù, tipa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ èbúté wa láàárọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n yanrìn ibi jíjìn ti ń yí padà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á, ó wá kúnná, ẹrẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá fi ṣe, èèyàn lè fọwọ́ họ ọ́ bí ẹni họ èkuru. Àwọn onítipa ń wò ó, wọ́n ń yọ ṣùtì. Bàbá mi alára fẹ́ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ojú ilé wa. Kì í sọ ọ́ jáde púpọ̀, àmọ́ mo máa ń rí i tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láàárọ̀, tó ń dúró níbi tí yàrá á wà.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi wọlé pẹ̀lú yanrìn tó dì sínú ewé kókò lọ́nà mẹ́ta. Ó tò wọ́n síwájú màmá mi.

Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́pà, bá mi wo yanrìn yìí. Èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Màmá mi nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ yanrìn tó o létí omi wa, ó sì pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó gbà fún un. Ó mú ẹ̀kúnwọ́ láti inú ewé kìíní, ó rún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Yanrìn tó kúnná kì í sọ̀rọ̀, èyí tí hóró rẹ̀ tóbi ló ń pariwo. Ti àkọ́kọ́ yìí dákẹ́. Ó dà á sínú ìgò, ó bu omi sí i, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀. Omi náà rú, kò tòrò. "Ẹrẹ̀ ni," ló wí. Èkejì pariwo létí, ó tètè wálẹ̀ nínú ìgò, ṣùgbọ́n ìkarahun pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣí ewé kẹta, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fa ẹ̀rín náà. Yanrìn ẹ̀pà rẹ̀ ni, èyí tó ń bù níwájú ilé. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá pààrọ̀ yanrìn inú agbada rẹ̀, kò ní mọ̀. Màmá mi wá rò pé ọjọ́ tó fẹ́ dán òun wò nìyẹn. Ó fi ọ̀kan há eyín, ó pajú dé bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Kò sí èyí tó dára tó èyí nílé ayé. Ẹni tó bá lóun rí èyí tó jù ú lọ, irọ́ ló pa."

Bàbá mi ní, "Ó tán." Ó dìde, ó jáde.

Àbúrò màmá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ọmọdé ṣe mí, mi ò béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ò lọ sí ibi jíjìn. Abẹ́ omi iwájú ilé wa rí bíi pèpéle, yanrìn ló tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ibú tó wá bẹ̀rẹ̀. Orí pèpéle náà ni wọ́n dá ọkọ̀ dúró sí. Mo ń dá iná lábẹ́ agbada lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn ketekete. Àbúrò màmá mi wọ omi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí mi yọ o. Ọrùn mi pàápàá yọ."

Bàbá mi ní, "Tẹ orí ẹ ba, wàá rí i pé kò ní yọ mọ́."

Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà dúró díẹ̀, ó wá bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba, omi bò ó. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rín láyé mi, mi ò tíì gbọ́ èyí tí mo kórìíra tó ìyẹn.

Màmá mi sáré jáde tòun ti asẹ́ lọ́wọ́. Ó ń ké sí wọn láti etí omi pé, "Ibẹ̀ kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni mo ṣe lánàá."

Bàbá mi dáhùn pé, "Ṣebí ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Mo rò pé ẹ̀ ń dán mi wò ni."

Bàbá mi mú garawa rẹ̀, ó mòòkùn. Nígbà tó wálé, ó ní kò ní ju ti ilé tí òun fẹ́ kọ́ lọ, pé kí ògiri ṣáà ti dé ibi òrùlé, àwọn á padà sí ibi jíjìn. Ṣùgbọ́n àwọn onítipa ti rí yanrìn náà. Àwọn ọkọ̀ yòókù náà ti rí i pé ọkọ̀ bàbá mi dúró síbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ọkọ̀ márùn-ún ló ń tẹ orí ba lórí pèpéle wa.

Ẹ̀pà ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà, omi ọ̀sà ń jà, àwọn oníbàárà màmá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀pà rẹ̀ ń korò. Màmá mi tó jẹ́ pé wọ́n máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra ẹ̀pà rẹ̀! Ó ní bóyá igi ìdáná ni, ó pààrọ̀ igi. Ó ní bóyá èmi ni mò ń ṣe ọ̀lẹ nídìí agbada, mo jẹ ìgbájú. Ọjọ́ kan ló wá yí igbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wo ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, dúdú tó máa ń kù níbẹ̀ kò ju ìlà tìróò lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó bo gbogbo ìdí igbá.

Èmi, aláìmọ̀kan, inú mi ń dùn. Mo gbé òòfà mi lọ sétí omi, kí n tó wọ́ ọ dé ibi igi àgbọn, ó ti yọ irùngbọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo sáré gbé e lọ fi han màmá mi. Ó wò ó, ó wá fi ìdí lélẹ̀ lórí yanrìn. Mo rò pé ara rẹ̀ ò yá.

Ó ní, "Omi ń yan yanrìn. Ó ń kó èyí tó fúyẹ́ lọ, ó ń fi èyí tó wúwo sílẹ̀. Tó bá kó èyí tó fúyẹ́ tán, ilẹ̀ ló kù tí á kó."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ rí i, èèyàn lè fi òwe pa ara rẹ̀. Màmá mi wá lọ bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn ní Ìkòròdú. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri ti dé ojú fèrèsé. Mi ò lè fi ọkọ yín sílẹ̀ báyìí. Ó ku ọkọ̀ mẹ́ta péré." Ó fi ìka mẹ́ta hàn án.

Ọ̀sán gangan ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé òru ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Oòrùn ràn, omi dákẹ́, ẹyẹ ń ké. Mo jókòó sí ìdí àgbọn, mo ń wo ọkọ̀ wọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé koríko etí bèbè ń rìn lọ sínú omi. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tó tì í. Ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi yí padà di àwọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ sì fúnra rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ariwo kankan. Àwọn mẹ́ta ló ti mòòkùn lọ sísàlẹ̀. Àwọn méjì ló gòkè.

Wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ pèpéle náà wọnú tó bẹ́ẹ̀ tí òkè rẹ̀ fi dúró lórí òfo. Òun ló ya lulẹ̀ bá àbúrò màmá mi. Bàbá mi mòòkùn, ó gòkè, ó tún mòòkùn, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde nímú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á sínú ọkọ̀, ó ń bá wọn jà. Wọ́n ń kírun àlàásárì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí i gbé jáde.

Lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ta ẹní yí ibẹ̀ ká, àwọn ọkùnrin nìkan ló wà nínú. Àwa obìnrin jókòó síta. Omi tí wọ́n ń dà lé e ń ṣàn jáde lábẹ́ ẹní, yanrìn sì ń tẹ̀lé e, torí yanrìn kún irun rẹ̀, ó kún etí rẹ̀. Nígbà tí omi náà fà wọ ilẹ̀, yanrìn yẹn ló kù níwájú màmá mi: funfun, àwọn tó ń dán, àti dúdú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ́ léraléra pé, "Èmi ni mo ní ó dára." Àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, pé àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni. Kò gbọ́ wọn.

Bàbá mi parí ilé náà. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, á dà bí pé ọmọkùnrin yẹn kú lásán. A kó wọ inú rẹ̀, àmọ́ màmá mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Inú ilé ìdáná alámọ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún ló ń sùn. Tí mo bá jí, mo máa ń rí àwọn hóró tó ń dán lára ògiri yàrá wa. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iyọ̀ máa ń hù lára rẹ̀, á funfun, á sì máa jábọ́ sórí ẹní wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: mo bínú sí màmá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ ohun tí ilé náà jẹ́. Ó sá fún un, ó wá jẹ́ kí àwa ọmọ máa sùn sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ ọkàn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo bínú. Ilé náà ò pa ẹnikẹ́ni nínú wa. A ti kó kúrò kí omi tó gba ẹnu ọ̀nà, kó tó gba yàrá bàbá mi, kó tó gba gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ọkọ̀ lẹ máa rí tó ń kọjá lórí rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ló gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ dé ẹnu mi? Ọmọ mi ọkùnrin ni. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ń jáde nílé ní Ìkòròdú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì ti sùn kó tó dé. Onílé ti lé e lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi, ó ní òun ní ohun kan tí òun fẹ́ fi hàn mí. Etí ọ̀sà ló gbé mi lọ. Ilẹ̀ funfun gbalasa, wọ́n ti mọ ògiri yí i ká, wọ́n gbé géètì ńlá sí i, wọ́n sọ ọ́ ní ẹ́sítéètì. Ó ra ilẹ̀ kan níbẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, tó kángun sómi. Wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kí n ṣe àdúà sí i.

Mo rìn lọ sétí omi ná. Yanrìn dúdú wà níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó ìró tí èèyàn sá sílẹ̀, ó sì gùn lọ títí ojú mi ò fi ká a mọ́. Nínú ọ̀sà lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ńlá kan dúró, páìpù ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ó ń fa yanrìn lọ kún ilẹ̀ ẹlòmíràn. Mo padà síbi ìpìlẹ̀, mo bu yanrìn sínú ìgò omi tí mo mú dání, mo mì í, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. A jẹun tán, omi inú rẹ̀ kò tíì tòrò.

Ọmọ mi ń wò mí. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Wọ́n ti ṣe sọ́ìlì tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò, ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà sọ pé ó dára. Ẹnu yín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Mi ò ní sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn tí mo sọ fún yín yìí fún un, tí mo sì nawọ́ sí ibi tí ọ̀sà ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Màmá, gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú ilẹ̀ yìí. Ẹpa ò bóró mọ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò bínú. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́. Mo ṣe àdúà fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò ṣe é sí ilẹ̀ náà.

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ rú òfin omi, ojú ń tì í, ó sì máa ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti etí bèbè. Ẹ̀rọ tí mo rí lọ́jọ́ náà kò ní ìyàwó. Kò sí orí tó máa yọ lókè omi tí á sọ fún un pé ó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ẹni tó ni ín kò gbé létí omi wa, mi ò tiẹ̀ mọ ìlú tó ń gbé. Ta ni kí n ké sí?

Wọ́n ti kọ́ ilé náà tán, ó sì rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n kó wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni màá wá. Mo ń sún un síwájú, mo ń tàdí mẹ́yìn, títí ó fi di oṣù tó kọjá tí mo ní kí àgbà nínú wọn lọ bá mi wo àwọ̀ yanrìn lẹ́yìn ọgbà. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Màmá àgbà, ó ti dúdú dé ìdí fẹ́ǹsì, ó sì ń dán." Lọ́jọ́ kejì ni mo di ẹrù mi.

Yàrá tó kọjú sí títì ni wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ fún mi. Mo kọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ síbẹ̀, kí wọ́n fún mi ní èyí tó wà lẹ́yìn, tó kángun sí ọ̀sà. Ọmọ mi ní ariwo omi ò ní jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo ní ìyẹn ni mo fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá fẹ́ràn atẹ́gùn. Mi ò já a nírọ́. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì mi ti ògiri tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń sùn.